Àǹtí Rẹ́kọ́dà àti Ohùn Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà tí ẹ ń bèèrè orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Àǹtí Rẹ́kọ́dà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀, àgbà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, tó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, á dúró lẹ́nu ọ̀nà á ní, "Àǹtí Rẹ́kọ́dà, ṣé a lè wọlé, àbí ẹ ń gba ohùn lọ́wọ́?" Ìyàwó á rẹ́rìn-ín, á ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ síta kó má baà máa dún kòkòkò.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba ohùn èèyàn sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun tó fẹ́ polówó, olùkọ́ tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọ iléèwé, ẹbí tó fẹ́ kí bàbá wọn àgbà sọ ìtàn ara rẹ̀ kó tó gbàgbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Iléèwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń jókòó níwájú tó ń pe àwọn aláìsàn wọlé, ohùn rẹ̀ sì tutù débi pé àwọn kan á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kó lè tún wọn pè. Nígbà tó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ó sọ yàrá ìkẹ́rùsí ilé rẹ̀ di yàrá iṣẹ́, ó fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì bo ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀ kí ohùn má baà máa ta padà. Ọkọ rẹ̀ ò yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Fóòmù tó yẹ kí n sùn lé," á ní, "ògiri ló ń sùn lé e."

Ẹ má fi òfin yàrá yẹn ṣeré o. Fóònù ò gbọdọ̀ wọbẹ̀, torí bí fóònù bá fẹ́ dún, wáyà máìkì ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á wá máa ké bìrì-bìrì-bìrì sínú iṣẹ́ oníṣẹ́. Kò gbọdọ̀ sí nǹkan mìíràn tó ṣí lórí kọ̀ǹpútà àfi ètò tó ń gba ohùn. Bí nǹkan bá sì dàrú, ohun kan ṣoṣo ló ń yí lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá ṣiṣẹ́, á dá a padà sí bó ṣe wà kó tó fọwọ́ kan òmíràn. "Ẹni tó bá lo oògùn mẹ́ta pọ̀," ó máa ń sọ, "bí ara rẹ̀ bá yá, kò ní mọ èyí tó wò ó sàn." Ẹni yòówù kó wá, òfin lòfin. Ìgbà kan péré ni mo gbọ́ pé ó rú u, òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìyá rẹ̀ ló fà á. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n. Bí agogo iléèwé bá bàjẹ́, wọn kì í yọ ara wọn lẹ́nu, wọ́n á ní kí ìyá yọjú síta kó pe àwọn ọmọ. Gbogbo pápá á dákẹ́ rọ́rọ́. Àfi bí nǹkan ṣe hù sí i lọ́fun. Dókítà sọ̀rọ̀ náà láìfi bò: ibi tí ohùn ti ń jáde ni àwọn máa gé kúrò, bí àwọn ò bá gé e, á pa á. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ìyá ò ní fọhùn mọ́ láyé. Ó tún kìlọ̀ pé ohùn tó kù pàápàá ò pọ̀, kí ìyá máa ṣọ́ ọ lò, ó lè lọ nígbàkigbà.

Ìyá gbọ́, ó mi orí, ó ní kí ọmọ òun gbé òun lọ sí yàrá fóòmù.

"Mi ò ní ìwàásù kankan tí mo fẹ́ ṣe o," ó wí. "Mo kàn fẹ́ pe àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ ọmọ mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń pè wọ́n. Nígbà tí mi ò bá lè pè wọ́n mọ́, kí wọ́n ṣì máa gbọ́ ọ. Èmi náà á sì máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dáhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àǹtí Rẹ́kọ́dà lára. Ó pinnu lọ́kàn pé bí òun ò bá gba ohùn ẹnikẹ́ni dáadáa mọ́ láyé, òun á gba ti ìyá òun.

Ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí ìyá, wà ní ìlú tó jìn gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kán, dókítà tirẹ̀ ò jẹ́ kó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀gbọ́n ní bí òun ò bá lè wá, òun á máa wo ìyá òun lójú fídíò títí wọ́n á fi parí. Òun ló ra kọ̀ǹpútà yẹn, òun ló fi kámẹ́rà ránṣẹ́. Ta ló máa sọ pé kó má wò? Àǹtí Rẹ́kọ́dà ṣí ètò ìpè lórí kọ̀ǹpútà, ó gbé kámẹ́rà kọ́ orí rẹ̀, ojú Ẹ̀gbọ́n sì yọ ní igun kan.

"Mo ti pa ohùn mi," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí."

Ìyá jókòó sídìí máìkì, ó fi omi gbígbóná tọ́ ọ̀fun, ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tó ń pè ní Eyín-Fúnfun. Ó pè é dáadáa, ó bá a wí díẹ̀, ó kì í nílọ̀ nípa iṣẹ́ iléèwé, ó rẹ́rìn-ín. Inú Àǹtí Rẹ́kọ́dà dùn. Ó ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ jáde.

Ta! Ta-ta! Ta!

Ohùn tó jáde ń já, ó ń ta bí àgbàdo lórí iná, ó tún tínrín, ó ń sáré. Ìyá yí ojú.

"Ta lọmọ tó ń sọ̀rọ̀ yìí? Ṣé wọ́n ń lé e ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò tètè dúró. Nígbà tó dúró, ohùn ìyá ti ha ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yé Àǹtí Rẹ́kọ́dà pé gbogbo ìgbà tí ìyá bá tún un sọ, ara èyí tó kù ni wọ́n ń ná.

"Màmá, ẹ má sọ nǹkan kan mọ́," ó ní. "Ẹ máa fi ọwọ́ júwe. Èmi ni n ó máa dán an wò títí yóò fi mọ́. Ìgbà tó bá mọ́ lẹ tó máa la ẹnu."

Ẹ sọ fún olùkọ́ pé kó dákẹ́, kí ẹ wá wo ìyà! Ìyá ń tọ́ka sí wáyà, ó ń tọ́ka sí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka gbá tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì sọ gbogbo ohun tó rò nípa kọ̀ǹpútà náà àti ẹni tó ṣe é.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó pààrọ̀ wáyà máìkì, ó mú páálí ọṣẹ kan tó wà lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀yìn rẹ̀ sínú máìkì: "Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé. Bó bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án." Ta! Ta-ta! Wáyà kọ́. Ó dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Ó wá kan àpótí dúdú kékeré tí máìkì ń wọ̀. Káàdì ohùn ni àpótí yẹn, ká kúkú pè é ní etí kọ̀ǹpútà. Káàdì kan máa ń bá kọ̀ǹpútà wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, àmọ́ etí yẹn ò mú tó, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fi ń ra òmíràn kún un. Ó yọ àpótí náà, ó kì í bọ ojú ihò mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ka ọṣẹ. Ta-ta! Ó dá a padà sí ihò rẹ̀. Ó wọ inú ètò ìgbohùn, ó sọ fún un pé kó má kánjú mọ́, kó máa kó ohùn jọ díẹ̀ kó tó gbé e. Ó ka ọṣẹ. Ariwo náà dín kù, ṣùgbọ́n ohùn ṣì ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ibẹ̀ ló ti dúró rò ó. Ohùn tó ń sáré kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà rárá. Káàdì ohùn a máa bu ohùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fi ife bu omi. Bí ẹnì kan bá ń fi ife ńlá bù ú, tí ẹnìkejì ń fi ife kékeré kà á, ìṣirò ò lè dọ́gba láé. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan méjì ló ń fa ohùn kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan.

"Mo ti mú ọ," ó wí. Ó wá káàdì tó bá kọ̀ǹpútà wá, ó pa á. Ó ka ọṣẹ pẹ̀lú ìdánilójú.

Ta! Ta-ta-ta!

Ó fi ọwọ́ gbá itan. "Háà! Ta wá ni ìkejì?"

Ìyá fọwọ́ júwe pé kó mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wò wọ́n láti igun kọ̀ǹpútà, ó ń na ọrùn. Àǹtí Rẹ́kọ́dà pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Kó tó jókòó dáadáa, Ẹ̀gbọ́n ti tún ń pè, ìyá ti na ọwọ́ tẹ ibi àwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń gba ìpè, ojú Ẹ̀gbọ́n ti padà sí igun rẹ̀. Ó ka ọṣẹ. Bákan náà ni. Ẹlòmíì á ti bínú, á ti ní kí wọ́n fi fóònù gbà á bó ṣe rí. Òun kọ̀. Ó ní bí òun bá fún àwọn ọmọ ìyá òun ní ohùn tó gé, ohùn tó gé ni wọ́n á máa rántí, òun ò sì ní gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ó ń ka ọṣẹ náà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, íápíìsì wà létí rẹ̀, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ojú Ẹ̀gbọ́n dúró gbagidi, ó parẹ́. Lójú ẹsẹ̀ kan náà, ohùn inú íápíìsì mọ́ lóló. Kò ta mọ́. Kò sáré mọ́. "Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án" ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Àǹtí Rẹ́kọ́dà gbé páálí ọṣẹ sílẹ̀.

Kí ló dé tí kò fura síbẹ̀ látàárọ̀? Ṣé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni? Ó mọ̀ ọ́n! Ká ní oníbàárà ló ní òun fẹ́ máa wo ohun tó ń lọ lójú fídíò ni, ètò ìpè yẹn ni ì bá kọ́kọ́ pa kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà, tó ń di irun rẹ̀, tó ra kọ̀ǹpútà fún un. Ó ti ka gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ nínú yàrá náà, kò ka Ẹ̀gbọ́n mọ́ ọn. Ta ló ń ka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ohun tó bàjẹ́? Ẹ̀gbọ́n pa ohùn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó dákẹ́ nínú yàrá kò tíì jáde níbẹ̀. Kámẹ́rà tó fi ránṣẹ́ ní etí tirẹ̀, ètò ìpè sì di káàdì mú, ó ń fi ife tirẹ̀ bu ohùn.

Kó lè dá a lójú, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n pè padà, ó gbà á, ó ka ọṣẹ: ta-ta! Ó já ìpè náà: ó mọ́. Ẹ̀gbọ́n tún pè, ó tún ta. Kò sí iyèméjì mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ó wí sí kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. "Mo ti rí ohun tó ń ba ohùn Màmá jẹ́. Ìpè yìí ni. Ẹ máa ní láti kúrò lórí rẹ̀. Bí a bá ṣe ń parí ni n ó fi í ránṣẹ́ sí yín."

Ẹ̀gbọ́n ṣí ohùn rẹ̀. "Kí n kúrò? Èmi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Gbé mi sórí fóònù nígbà náà."

"Yàrá yìí kéré, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò síbi tí mo lè gbé fóònù sí níbí tí wáyà ò ní gbọ́ ọ. Bí mo bá sì gbé e síta, ẹ ò ní rí Màmá."

"Ó dáa! Mi ò lè wá, mi ò lè wò, mi ò lè gbọ́! Ìwọ tó o wà lọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́, ìwọ náà ló tún fẹ́ dá gbọ́ èyí tó kẹ́yìn! Ṣé èmi wá ni àìsàn kọ̀ǹpútà?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà..."

"Bó ṣe rí nìyẹn!" Ẹkún ti gba ẹnu rẹ̀.

Ìyá dìde. Láti ìgbà tó ti bí wọn, kò tíì jẹ́ kí àwọn méjèèjì jà débi ẹkún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú, ó fa èémí wọnú, àyà rẹ̀ gbé sókè bó ṣe máa ń gbé sókè lẹ́nu ọ̀nà iléèwé nígbà tí agogo bá bàjẹ́, ó la ẹnu láti pariwo.

Àǹtí Rẹ́kọ́dà fò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ìyá rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló bò, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú ìyá là gbàǹgbà. Ọmọ náà kúnlẹ̀, kò gbé ọwọ́ kúrò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ má fi èyí tó kù parí ìjà. Ẹ jọ̀ọ́, a ò ní òmíràn."

Ẹ̀gbọ́n ń wò wọ́n láti inú igun yẹn: ìyá lórí ìdúró, àbúrò lórí eékún, ọwọ́ lẹ́nu. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó sún mọ́ kámẹ́rà rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kún igun náà, ó wo ìyá rẹ̀ dáadáa.

"Àbúrò mi," ó ní, "mo ń lọ. Gbà á dáadáa fún mi."

Ó já ìpè náà fúnra rẹ̀. Àǹtí Rẹ́kọ́dà dìde, ó pa ètò ìpè, ó yọ kámẹ́rà, ó gbé e síta yàrá, ó sì fi káàdì kan ṣoṣo sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti máa fi gbọ́ràn. Ó ka ọṣẹ fún ìgbà ìkẹyìn. Ó mọ́ ketekete.

"Màmá, ó yá."

Ìyá mu omi. Àkọ́bí rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè, bó ṣe máa ń pè é jí nígbà tó wà léwe: "Àkọ́bí mi! Àkọ́bí o! Ilẹ̀ ti mọ́, dìde, omi ti gbóná!" Ohùn ha, àmọ́ ohùn ìyá ni, odindi, kò sí ibi tó já. Ó tún Eyín-Fúnfun pè. Ó pe Olórí-Kunkun, ó pe Arìngbẹ̀rẹ̀, ó pe èyí tó ń pè ní Ọkọ Mi Kékeré, ó pe àna rẹ̀ awakọ̀, ó ní kó rọra máa sáré, ilé ò ní sá lọ. Bó ti ń pè wọ́n lọ ni ohùn ń rẹlẹ̀. Ìlà tó ń fò sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà ń kéré sí i. Ọmọ rẹ̀ rí i, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó kan òun, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn, ìyá yí ojú kúrò lára máìkì, ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu. Ètè rẹ̀ pe orúkọ ìkẹ́ ọmọ rẹ̀ yìí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí tí kò sí ẹlòmíì tó ń pè é. Ohùn ò jáde. Ìyá tún mu omi, ó tún pè é. Èémí lásán ni. Ó pè é nígbà kẹta, ìlà ojú kọ̀ǹpútà sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò dùn ún. Ó mọ ibi tí ohùn tirẹ̀ lọ: inú Eyín-Fúnfun àkọ́kọ́ tó bàjẹ́ yẹn ni, àti ikọ́ tó tẹ̀lé e, nígbà tí ojú ń tì í láti sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kó má wò. Síbẹ̀ kò dá ẹ̀rọ dúró. Ó jẹ́ kó gba èémí náà títí ìyá fi jókòó, lẹ́yìn náà ló lọ dì mọ́ ọn.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ìyá padà sílé, ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ń fi ìka gbá tábìlì bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá ṣe ìwàkiwà. Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n náà san, ó sì máa ń fi ohùn ìyá jí ara rẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó kọ́kọ́ dúpẹ́, ó tọrọ àforíjì, ó wá bèèrè.

"Mo gbọ́ ti gbogbo wa. Mi ò gbọ́ tìrẹ. Kí ni Màmá pè ọ́?"

Àǹtí Rẹ́kọ́dà lè sọ ohun tó fà á. Kò sọ ọ́.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ojú ni mo fi gbọ́ tèmi."